Dídá Tukọ̀ La Òkun Kọjá: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwa Tí A Wà ní Àbújá àti Òkè Ọya

Àwọn ìbéèrè tí ó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn ọmọ Yorùbá tí ó ń gbé ní Kubwa, Gwarinpa, Nyanya àti Lokoja máa ń bi mí léraléra nígbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ onígbòkun bá ṣẹlẹ̀. Mo tò wọ́n láti orí èyí tí ó rọrùn dé orí èyí tí ó takókó.

Kí ni dídá tukọ̀ la òkun kọjá gan-an?

Ènìyàn kan ṣoṣo ni yóò wọ ọkọ̀ onígbòkun, yóò gbéra ní èbúté kan, yóò sì gúnlẹ̀ sí òdìkejì òkun láìsí ẹlòmíràn pẹ̀lú rẹ̀. Atẹ́gùn ni ó ń gbé ọkọ̀ náà lọ. Ẹ́ńjìnnì kékeré sábà máa ń wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó mú ọkọ̀ wọ èbúté tàbí kí ó fi iná sínú bátìrì lọ, nítorí pé epo tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè gbé kò lè mú un la òkun já.

Ọkọ̀ tí à ń pè ní kékeré níbí kì í sábà gùn ju mítà 12 lọ, púpọ̀ nínú wọn sì wà láàrin mítà 8 sí 11. Ibùsùn, ibi ìdáná àti àpótí irinṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ń dáná níbẹ̀ ni ó ń rán ìgbòkun tí ó ya, òun ni ó ń wo ojú ọ̀run, òun náà sì ni dókítà ara rẹ̀.

Ta ni ó kọ́kọ́ ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀?

Ẹni àkọ́kọ́ tí a ní àkọsílẹ̀ pé ó dá la Òkun Àtìláńtíìkì kọjá ni Alfred Johnson, apẹja kan ní Gloucester ní Amẹ́ríkà, tí ó gbéra ní Oṣù Kẹfà ọdún 1876 nínú ọkọ̀ tí gígùn rẹ̀ kò ju bíi mítà 6 lọ, tí ó sì gúnlẹ̀ sí Wales ní Oṣù Kẹjọ ọdún náà. Joshua Slocum ni ó kọ́kọ́ dá yí gbogbo ayé po. Ẹni ọdún 51 ni nígbà tí ó fi Boston sílẹ̀ ní Oṣù Kẹrin ọdún 1895, nínú ọkọ̀ Spray, àlòkù ọkọ̀ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún kàn, ó sì padà dé Amẹ́ríkà ní Oṣù Kẹfà ọdún 1898.

Slocum yà sí èbúté púpọ̀ lọ́nà. Robin Knox-Johnston, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó kọ́kọ́ yí ayé po láìyà síbi kankan. Ọjọ́ 312 ni ó lò, láti Oṣù Kẹfà ọdún 1968 títí di Oṣù Kẹrin ọdún 1969, nínú ọkọ̀ Suhaili tí kò gùn tó mítà 10. Inú ìdíje àdáṣe yíyí ayé po tí à ń pè ní Golden Globe ni ó ti ṣe é. Ènìyàn mẹ́sàn-án ni ó jáde fún ìdíje náà, òun nìkan ni ó parí rẹ̀.

Ṣé àwọn òyìnbó ọkùnrin nìkan ni ó ń ṣe é?

Rárá o. Krystyna Chojnowska-Liskiewicz, ọmọ ilẹ̀ Pólándì, ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó dá yí ayé po, láti ọdún 1976 sí 1978. Teddy Seymour, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, parí tirẹ̀ ní ọdún 1987. Bill Pinkney, aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀, tẹ̀lé e ní ọdún 1992, ó sì gba ìsàlẹ̀ ayé níhà gúúsù, níbi tí ìgbì ti le jù. Ní ọdún 2023, Kirsten Neuschäfer ọmọ ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà gba ipò kìíní nínú ìdíje Golden Globe, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó gba ipò kìíní nínú ìdíje àdáṣe yíyí ayé po.

Ọjọ́ orí kò dí ọ̀nà bákan náà. Kenichi Horie ọmọ ilẹ̀ Jàpáánì dá la Òkun Pàsífíìkì kọjá ní ọdún 1962, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 23, nínú ọkọ̀ tí kò tó mítà 6. Ó tún dá a là láìyà síbi kankan ní ọdún 2022, nígbà tí ó ti pé ẹni ọdún 83.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún yín pé òkun kì í ṣe ti Yorùbá. Àwọn Ìlàjẹ ní etíkun Ondo ti ń gba ojú òkun lọ pẹja láti ìran dé ìran, wọ́n sì mọ ohun tí ìgbì ń wí ju ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ní ìwé ẹ̀rí lọ.

Ọjọ́ mélòó ni ó ń gbà?

Ọkọ̀ tí ó gùn tó mítà 9 tàbí 10 máa ń rin bíi máìlì òkun 5 láàrin wákàtí kan nígbà tí atẹ́gùn bá dára, máìlì òkun kan sì jẹ́ kìlómítà 1.852. Bí ó bá ń lọ tọ̀sán-tòru, ìyẹn jẹ́ máìlì òkun 120 lóòjọ́, tàbí kìlómítà 222, ọ̀nà tí ó fi díẹ̀ gùn ju Àbújá sí Kàdúná lọ. Láti Las Palmas ní Erékùṣù Canary, ní ìhà àríwá-ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, dé Saint Lucia ní Karíbíánì, àwọn erékùṣù tí ó wà ní òdìkejì Àtìláńtíìkì, jẹ́ bíi máìlì òkun 2,700, nítorí náà ó ń lọ sí ọjọ́ 23. Láti Mindelo ní Cape Verde dé Karíbíánì jẹ́ bíi 2,100, èyí tí ó ń lọ sí ọjọ́ 18.

Ẹ má ṣe fi ọjọ́ wọ̀nyí ra oúnjẹ. Atẹ́gùn lè dá dúró fún ọ̀sẹ̀ kan, òpó ìgbòkun lè ṣẹ́, ọkọ̀ sì lè máa fi ìdajì agbára rẹ̀ rákò lọ sí ilẹ̀.

Ṣé dandan ni kí ènìyàn mọ ìwẹ̀?

Ó yẹ kí ó mọ̀ ọ́n, nítorí yóò wúlò fún un ní èbúté àti nígbà tí ó bá fẹ́ wo abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Slocum tí mo dárúkọ lókè kò mọ ìwẹ̀. Láàrin agbami, níbi tí ilẹ̀ tí ó sún mọ́ni jù lè tó máìlì òkun 1,000, kò sí ibi tí ènìyàn ń wẹ̀ lọ.

Atẹ́gùn wo ni ó ń gbé ọkọ̀ kọjá, kí ló dé tí wọ́n fi ń dúró de ìgbà ọyẹ́?

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Àbújá ti mọ atẹ́gùn náà. Ọyẹ́ tí ó ń ti Sàhárà wá bá wa láti Oṣù Kọkànlá títí di Oṣù Kẹta, tí ó ń la wá létè, tí ó ń da eruku sí orí mọ́tò wa, tí ó sì máa ń dá ọkọ̀ òfurufú dúró ní pápákọ̀ nígbà mìíràn, ìdílé kan náà ni òun àti atẹ́gùn àríwá-ìlà-oòrùn tí ó ń fẹ́ láti ìhà Canary àti Cape Verde lọ sí Karíbíánì. Tiwa gba orí ilẹ̀ gbígbẹ kí ó tó dé, tiwọn sì ń gba orí omi. Àwọn atukọ̀ tí ó bá wà nítòsí Cape Verde nígbà náà máa ń rí eruku Sàhárà lára okùn àti ìgbòkun wọn, eruku tí ó sì gbéra láti Bodélé ní Chad, níhà àríwá-ìlà-oòrùn wa níbí, máa ń fò la òkun já títí dé igbó Amazon.

Ohun tí ó fà á ni pé oòrùn ń mú agbedeméjì ayé gbóná jù, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ a gòkè, afẹ́fẹ́ tí ó tutù jù ú lọ a wá láti àríwá àti gúúsù láti dí àlàfo rẹ̀, yíyí tí ayé ń yí a sì tẹ atẹ́gùn náà sí ìwọ̀-oòrùn. Ní agbedeméjì gan-an, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gòkè, òjò pọ̀, atẹ́gùn kò sì dúró lójú kan. Ọkọ̀ lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ tí ìgbòkun rẹ̀ yóò kàn máa lù mọ́ òpó.

Ìgbà ìjì líle ní Karíbíánì àti ìwọ̀-oòrùn Àtìláńtíìkì bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kẹfà, ó sì parí ní ìparí Oṣù Kọkànlá. Nítorí náà ni púpọ̀ nínú àwọn tí ó ń lọ fi ń gbéra ní ìparí Oṣù Kọkànlá sí Oṣù Kìíní. Ẹni tí ó bá kọrí sí Karíbíánì ní Oṣù Kẹjọ fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́.

Ṣé ìgbì kò ní dojú ọkọ̀ kékeré dé?

Lábẹ́ ọkọ̀ onígbòkun tí a ṣe fún òkun, lẹ́bẹ́ wúwo kan wà tí a fi òjé tàbí irin ṣe, ìwúwo rẹ̀ sì lè tó ìdá mẹ́ta ìwúwo gbogbo ọkọ̀ tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìgbì bá gbá ọkọ̀ ṣubú, ìwúwo yìí ni yóò fà á dìde padà, bí ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀ bá wà ní títì pa. Omi tí ó bá ráyè wọlé léwu ju ìgbì fúnra rẹ̀ lọ.

Bí lẹ́bẹ́ náà bá kán, ọ̀rọ̀ di mìíràn. Ní Oṣù Kìíní ọdún 1997, lẹ́bẹ́ ọkọ̀ Tony Bullimore já ní gúúsù òkun, ọkọ̀ rẹ̀ dojú dé, ó sì wà nínú òkùnkùn abẹ́ rẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́rin kí ọkọ̀ ogun ojú omi Ọsirélíà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó yè. Kí ẹ tó ra àlòkù ọkọ̀, ibi tí lẹ́bẹ́ ti so mọ́ ara ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí ẹ sì sanwó fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kí ó bá yín yẹ̀ ẹ́ wò.

Nígbà tí atukọ̀ bá ń sùn, ta ni ó ń tọ́ ọkọ̀?

Ẹ̀rọ ni. Oríṣi méjì ni ó wà. Èkíní ń lo iná mànàmáná, ó sì ń tẹ̀lé kọ́ńpáàsì. Èkejì kò fẹ́ iná rárá. Abẹ̀bẹ̀ pẹlẹbẹ kan ni ó dúró ní ẹ̀yìn ọkọ̀, tí atẹ́gùn ń tì, tí ó sì ń fa ìtọ́kọ̀ padà nígbàkúùgbà tí ọkọ̀ bá ṣì ọ̀nà tí a tọ́ka sí fún un láti gbà pàdé atẹ́gùn. Mo fẹ́ràn èyí tí kò fẹ́ iná, nítorí pé kò sí ohun tí omi iyọ̀ kì í bà jẹ́ nínú ohun tí ó ní wáyà, ẹni tí ó bá sì ní láti fi ọwọ́ tọ́ ọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kò ní rí oorun sùn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í wo ọ̀nà. Ká ní ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan ń bọ̀ wá kò yín lójú ní máìlì òkun 20 láàrin wákàtí kan, tí ẹ̀yin náà sì ń rin 5. Bí ẹ bá kọ́kọ́ rí iná rẹ̀ ní máìlì òkun 7, ìṣẹ́jú 17 péré ni ó kù kí ẹ pàdé. Ìdí nìyí tí àwọn adátukọ̀ fi ń sun oorun ìṣẹ́jú 15 sí 20 níbi tí ọkọ̀ bá pọ̀ sí, tí aago yóò jí wọn, tí wọn yóò gòkè, tí wọn yóò wo yíká, tí wọn yóò sì tún dùbúlẹ̀. Iná pupa tọ́ka sí apá òsì ọkọ̀, iná àwọ̀ ewé tọ́ka sí apá ọ̀tún rẹ̀. Bí ẹ bá rí méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀dọ̀ yín ni ó kọrí sí gan-an.

Láàrin agbami tí ọkọ̀ ò ti wọ́pọ̀, àwọn mìíràn máa ń sùn fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rọ AIS, èyí tí ó ń gba àmì ọkọ̀ mìíràn, tí ó sì ń ké bí èyíkéyìí bá sún mọ́. Ó ṣèrànwọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ apẹja tí ó pa tirẹ̀ kò ní hàn níbẹ̀.

Oúnjẹ wo ni a lè rà ní ọjà wa níbí tí yóò tọ́jọ́ lójú omi?

Púpọ̀. Kílíṣí tí ó gbẹ dáadáa, kúlíkúlí, dàbínù, òfíò, ẹja gbígbẹ, èlùbọ́, ẹ̀wà àti àlùbọ́sà láti òkè Ọya, gbogbo rẹ̀ ni ẹ óò rí ní ọjà Wuse tàbí ti Garki. Iṣu tí kò ní ojú ọgbẹ́ máa ń tọ́jọ́ bí a bá fi àwọ̀n gbé e kọ́ síbi tí atẹ́gùn wà. Ẹyin tí kò tíì wọ fíríìjì rí lè lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan bí a bá ń yí i padà déédéé. Ọ̀rinrin ni ọ̀tá: kílíṣí tí ó tọ́jọ́ ní Àbújá nígbà ọyẹ́ yóò bu lójú òkun láàrin ọjọ́ díẹ̀ bí kò bá sí nínú ike tí ó dé pa. Ẹ fi bírò tí kì í parẹ́ kọ orúkọ oúnjẹ sí ara agolo kọ̀ọ̀kan, nítorí pé bébà ara rẹ̀ yóò ṣí kúrò, ẹ kò sì ní mọ tòmátò yàtọ̀ sí sàdíìnì.

Gàrí ní àǹfààní pé kò fẹ́ iná, ṣùgbọ́n ó ń mu omi, ẹ sì ní láti ka omi rẹ̀ mọ́ ìṣirò. Lítà 4 lóòjọ́ fún mímu àti sísè jẹ́ ìwọ̀n tí ó bọ́gbọ́n mu. Fún ọgbọ̀n ọjọ́, ìyẹn jẹ́ lítà 120, mo sì máa ń gbani nímọ̀ràn kí wọ́n fi ìdajì rẹ̀ kún un, kí wọ́n pín in sínú kẹ́ẹ̀gì púpọ̀, kí ó má baà jẹ́ pé ìhò kan ṣoṣo ni yóò da gbogbo rẹ̀ nù. A lè gbe omi òjò láti ara ìgbòkun, ẹ̀rọ tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀ láti yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun sì wà.

Ẹ má ṣe mu omi òkun. Iyọ̀ inú rẹ̀ tó bíi gíráàmù 35 nínú lítà kan, kíndìnrín ènìyàn kò sì lè yọ ìtọ̀ tí ó níyọ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ara yóò fi omi tí ó wà nínú rẹ̀ ṣan iyọ̀ náà jáde, òùngbẹ yóò sì pọ̀ sí i. A lè fi díẹ̀ lára rẹ̀ lú omi tútù láti fi se iṣu dípò iyọ̀.

Ìgbọ̀nsẹ̀ àti àìsàn ńkọ́?

Bọ́kẹ́ẹ̀tì ni ó rọrùn jù. Ní ti àìsàn, ẹ lọ yẹ ara àti eyín yín wò pátápátá kí ẹ tó lọ, ẹ ní kí dókítà kọ oògùn tí ẹ óò gbé dání pẹ̀lú àlàyé bí a ṣe ń lò ó, kí ẹ sì kọ́ bí a ṣe ń rán ojú ọgbẹ́.

Bí mo bá já sínú omi ńkọ́?

Ọkọ̀ kò ní dúró dè yín. Ẹ̀rọ ìtọ́kọ̀ yóò máa gbé e lọ, eré tí ó ń sá sì ju ti òmùwẹ̀ lọ. Kódà nígbà tí àwọn mìíràn wà nínú ọkọ̀, ọ̀rọ̀ yìí kì í rọrùn: Éric Tabarly, ọ̀kan nínú àwọn atukọ̀ tí ó lókìkí jù ní ilẹ̀ Faransé, já sínú omi lóru Oṣù Kẹfà ọdún 1998 nítòsí Wales, àwọn tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ kò sì rí i gbà là.

Nítorí náà, okùn gbọọrọ tí ó le ni a ń so láti iwájú ọkọ̀ dé ẹ̀yìn rẹ̀. Atukọ̀ a de bẹ́líìtì ààbò mọ́ àyà, a fi okùn kúkúrú kọ́ bẹ́líìtì náà mọ́ okùn gbọọrọ yẹn kí ó tó jáde sí ìta, a sì rí i dájú pé okùn kúkúrú náà kò gùn débi tí yóò fi lè dé inú omi. Ojú omi tí ó pa rọ́rọ́ ni ó ń tan ènìyàn láti má ṣe kọ́ ọ. Ẹ kọ́ ọ ní gbogbo ìgbà, pàápàá nígbà tí ẹ bá fẹ́ tọ̀ ní etí ọkọ̀.

Ta ni à ń ké sí bí ọ̀rọ̀ bá burú?

Rédíò VHF, tí a ń gbọ́ ìpè pàjáwìrì lórí ìlà 16 rẹ̀, kì í sábà kọjá máìlì òkun 20 sí 30. Láti ibi tí ó jìnnà, ẹ̀rọ tí à ń pè ní EPIRB ni a ń tẹ̀. Ó ń ké sí sátẹ́láìtì lórí 406 MHz, ó sì ń sọ ẹni tí ẹ jẹ́. Àwọn tòde òní ń sọ ibi tí ẹ wà pẹ̀lú. Àwọn sátẹ́láìtì ètò Cospas-Sarsat, ètò àgbáyé fún wíwá àwọn tí ó wà nínú ewu, ni ó ń gbà á. Ibùdó ti Nàìjíríà nínú ètò yìí wà ní Àbújá níbí, lábẹ́ àjọ NEMA. Ẹ rí i pé ẹ forúkọ ẹ̀rọ náà sílẹ̀, kí nọ́ńbà fóònù ẹni tí wọn yóò pè nílé sì wà nínú ìwé.

Ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ọkọ̀ Tapio Lehtinen ọmọ ilẹ̀ Finland rì ní Òkun Íńdíà láàrin ìdíje Golden Globe. Ẹ̀rọ rẹ̀ ké, ó wọ ọkọ̀ rọ́bà ìdóòlà, ẹni tí ó sì kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Kirsten Neuschäfer, tí òun náà ń dá tukọ̀. Steven Callahan kò ní irú oríire yẹn ní ọdún 1982. Ọkọ̀ rẹ̀ rì lẹ́yìn tí ó kúrò ní Canary, ó sì lo ọjọ́ 76 nínú ọkọ̀ rọ́bà, tí ó ń pẹja, tí ó sì ń fi oòrùn sọ omi òkun di omi mímu, kí àwọn apẹja tó rí i nítòsí Guadeloupe.

Àbújá jìnnà sí òkun. Kí ni mo lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ láti ibí?

Ohun tí ẹ lè kọ́ níbí pọ̀ ju èyí tí ó kù lọ. Ẹ lọ jókòó ti mẹkáníìkì tí ó mọ ẹ́ńjìnnì dísù. Ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń rán tápólì kí ó kọ́ yín ní ìránṣọ tí ó nípọn. Ẹ kọ́ bí sólà àti bátìrì ṣe ń ṣiṣẹ́. Adágún Jabi kéré, atẹ́gùn ibẹ̀ sì ń yí lójijì, ṣùgbọ́n ó tó láti kọ́ bí ara ṣe ń dúró nínú ọkọ̀. Omi ìdídò Usuma kì í ṣe ibi eré, omi mímu ìlú ni. Fún ọkọ̀ onígbòkun fúnra rẹ̀, ẹ ó ní láti lọ sí Èkó, níbi tí Lagos Yacht Club wà.

Ìmọ̀ kan wà tí Àbújá dára fún ju bí ènìyàn ti rò lọ, òun ni wíwọn oòrùn pẹ̀lú sextant, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn gíga oòrùn láti mọ ibi tí a wà. Nítorí pé a kò ní ibi tí òkun àti ojú ọ̀run ti dàbí ẹni pé wọ́n pàdé láti fi wọ̀n, ẹ da epo ẹ́ńjìnnì dúdú sínú abọ́ pẹlẹbẹ, ẹ gbé e sílẹ̀ níbi tí atẹ́gùn kò sí, ẹ fi dígí dúdú irinṣẹ́ náà dáàbò bo ojú, kí ẹ sì wọn àlàfo tí ó wà láàrin oòrùn òkè àti òjìji rẹ̀ nínú epo. Ìdajì ohun tí ẹ bá rí ni gíga oòrùn. Sextant púpọ̀ kì í wọ̀n ju bíi dígírì 120 lọ, nítorí náà ní àárín Oṣù Kẹrin, tí oòrùn ń dúró gangan lórí wa, ìlọ́po méjì rẹ̀ yóò tó 180, kò sì ní ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọjọ́ 21 Oṣù Kejìlá, oòrùn ọ̀sán gangan ní Àbújá kò ga ju 57.5 lọ, ìlọ́po méjì rẹ̀ sì jẹ́ 115. Ẹ fi 57.5 yọ nínú 90, ó ku 32.5. Ẹ tún yọ 23.4, tí í ṣe ibi tí oòrùn wà ní gúúsù lọ́jọ́ náà, ó ku 9.1. Àbújá wà ní nǹkan bí dígírì 9.1 ní àríwá agbedeméjì ayé. Ẹni tí ó bá rí 9.1 yìí fúnra rẹ̀ nínú àgbàlá ilé rẹ̀ kò ní bẹ̀rù ọjọ́ tí GPS bá kú.

Ṣé a kò kúkú lè gbéra láti Èkó?

A lè ṣe é, ṣùgbọ́n ó nira ju bí àwòrán ayé ti fi hàn lọ. Ìṣàn omi etíkun wa ń lọ sí ìlà-oòrùn, atẹ́gùn sì sábà máa ń ti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn wá, kò sì lágbára. Ọkọ̀ onígbòkun kò lè kọjú sí atẹ́gùn gan-an, ẹ̀gbẹ́ ni ó ń gbà, ní bíi dígírì 45. Ẹni tí ó bá fẹ́ ti Èkó lọ sí Cape Verde yóò máa bá omi àti atẹ́gùn jà pọ̀.

Ọ̀nà tí ó bọ́gbọ́n mu jù ni kí ó kọrí sí gúúsù títí yóò fi la agbedeméjì ayé kọjá, kí ó bá atẹ́gùn gúúsù-ìlà-oòrùn pàdé, kí ó sì jẹ́ kí ó gbé òun lọ sí Bràsíl. Láti Èkó dé Recife lé ní máìlì òkun 2,400 bí ẹyẹ bá fò ó tààrà, ọkọ̀ yóò sì rìn jù bẹ́ẹ̀. Ẹ tún gbọ́dọ̀ ronú nípa àwọn olè ojú omi tí wọ́n ti ń yọ agbègbè òkun wa lẹ́nu láti ọdún púpọ̀. Èmi fúnra mi kò ní gba ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ nímọ̀ràn láti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ìwé àṣẹ wo ni ọmọ Nàìjíríà nílò?

Ìwé ìrìnnà, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀, ìwé ìdágbére láti èbúté tí ẹ ti kúrò, àti yẹ́lò kádì. Ojú omi kì í yọni nínú físà: ilẹ̀ tí ó bá ń béèrè físà lọ́wọ́ wa ní pápákọ̀ òfurufú ń béèrè rẹ̀ ní èbúté pẹ̀lú. Àǹfààní tí a ní ni pé Cape Verde jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ECOWAS, a sì lè wọ ibẹ̀ fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Ibẹ̀ náà sì ni èbúté Mindelo wà. Fún ilẹ̀ tí ó wà ní òdìkejì, ilé iṣẹ́ aṣojú wọn ní Àbújá ni kí ẹ ti lọ béèrè kí ẹ tó ra ọkọ̀.

Èló ni yóò náni?

Kò sí iye kan pàtó. Ọkọ̀ àlòkù tí ó gùn tó mítà 8 lè má wọ́n ju mọ́tò lọ ní ilẹ̀ Yúróòpù, ṣùgbọ́n owó ìgbòkun tuntun, wáyà tí ó gbé òpó dúró, ọkọ̀ rọ́bà ìdóòlà àti ẹ̀rọ EPIRB lè ju owó ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Bí owó kò bá tó, ẹ ra ọkọ̀ tí ó kéré sí i. Ẹ má ṣe yọ ohun ìdóòlà kúrò nínú rẹ̀.

Ṣé ìdánìkanwà kò ní da orí ènìyàn rú?

Ó lè dà á rú, àìsùn sì ni ó sábà ń fà á. Nígbà tí àìsàn mú Slocum lẹ́yìn tí ó kúrò ní erékùṣù Azores, ó rí ọkùnrin kan tí ó di ìtọ́kọ̀ mú, tí ó sì pe ara rẹ̀ ní atukọ̀ Pinta, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ Columbus. Ẹni tí ó bá gbọ́ ohùn tàbí tí ó rí ènìyàn nínú ọkọ̀ rẹ̀ kí ó kọ́kọ́ fa ìgbòkun wálẹ̀ díẹ̀, kí ó jẹun, kí ó mu omi, kí ó sì sùn. Kí ó má ṣe ìpinnu kankan kí ó tó sùn.

Èyí tí ó bà mí nínú jẹ́ jù ni ti Donald Crowhurst, nínú ìdíje kan náà tí Knox-Johnston parí. Ọkọ̀ rẹ̀ kò yẹ fún ìrìn àjò náà, gbèsè sì wà lọ́rùn rẹ̀ tí kò jẹ́ kí ó lè padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìròyìn irọ́ ránṣẹ́ nípa ibi tí ó wà, nígbà tí ó jẹ́ pé Àtìláńtíìkì ni ó ń rìn kiri. Ní Oṣù Keje ọdún 1969, wọ́n rí ọkọ̀ rẹ̀ lófìfo. Ẹ má ṣe wọ ìrìn àjò tí ẹ kò ní lè yọ ara yín kúrò nínú rẹ̀, bí ojú tilẹ̀ tì yín. Ìlérí tí a ṣe fún àwọn onígbọ̀wọ́ àti ariwo orí íńtánẹ́ẹ̀tì lè di ìdè, bí wọ́n bá sì ti di ìdè, wọ́n léwu ju ìjì lọ.

Ṣé ó bófin mu kí ẹni kan ṣoṣo máa tu ọkọ̀ tí ó sì ń sùn?

Òfin karùn-ún nínú òfin àgbáyé ọdún 1972 lórí ìdènà ìkọlù ọkọ̀ ojú omi sọ pé kí gbogbo ọkọ̀ máa ṣọ́nà nígbà gbogbo. Ẹni tí ó ń sùn kò ṣọ́nà. Òtítọ́ ni pé àwọn adátukọ̀ ń rú òfin yìí ní wákàtí tí wọ́n bá fi sùn, àwọn ìjọba sì ń jẹ́ kí ìdíje àdáṣe máa wáyé síbẹ̀. Bí ìkọlù bá ṣẹlẹ̀, ẹ̀bi lè wá sórí ẹni tí ó sùn, ilé iṣẹ́ ìbánigbófò sì lè kọ̀ láti sanwó. Èrò tèmi ni pé kí ẹni tí ó bá fẹ́ dá lọ mọ èyí dájú, kí ó má sì ṣe sùn rárá ní ìtòsí etíkun, ní ojú ọ̀nà àwọn ọkọ̀ akẹ́rù àti láàrin àwọn ọkọ̀ apẹja. Bí oorun bá fẹ́ kùn ún níbẹ̀, kí ó kọrí sí agbami ní kíá.

Àwọn òbí mi kò gbà. Kí ni kí n sọ fún wọn?

Ẹ má ṣe fi àwọn olókìkí ṣe àpẹẹrẹ fún wọn. Ìbẹ̀rù wọn ní ìdí, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ láti mọ ètò yín. Ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ sì gbé ìwé kan lé wọn lọ́wọ́: orúkọ àti àwọ̀ ọkọ̀, nọ́ńbà ẹ̀rọ EPIRB, ọ̀nà tí ẹ óò gbà, ọjọ́ tí ẹ rò pé ẹ óò gúnlẹ̀, àti ọjọ́ tí wọn yóò ké sí NEMA bí wọn kò bá gbúròó yín. Ọjọ́ kejì yìí gbọ́dọ̀ jìnnà sí èkíní dáadáa, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá, kí màmá yín má baà máa sunkún nítorí pé atẹ́gùn dá dúró.

Ẹ yan ẹnì kan ṣoṣo nínú ẹbí tí ẹ óò máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí láti orí fóònù sátẹ́láìtì, ní ọjọ́ àti wákàtí kan náà lọ́sẹ̀, kí onítọ̀hún sì máa sọ fún àwọn tó kù. Bí ẹ bá ṣèlérí pé ẹ óò máa pè lójoojúmọ́, fóònù kan tí ó bá bàjẹ́ yóò dá ẹ̀rù sílẹ̀ nínú gbogbo ilé. Bí wọ́n bá ka gbogbo rẹ̀ tán tí wọn kò sì gbà síbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n tẹ̀ lé yín lọ sí Èkó fún ọjọ́ kan, kí wọ́n wọ ọkọ̀ onígbòkun lórí ọ̀sà, kí wọ́n di ìtọ́kọ̀ mú fúnra wọn, kí wọ́n sì bi olùkọ́ ní gbogbo ìbéèrè tí wọn kò fẹ́ bi yín.